Àdúrà Tí Bùkọ́lá Kò Ṣe Àmín Sí

Màámi tí mo fẹ́ràn, tí mo sì bẹ̀rù,

Ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin nìyí tí a ti sin yín sí ẹ̀yìnkùlé ní Jàpárá, mi ò sì tíì kọ ohunkóhun sí yín rí. Ìwé iṣẹ́ àmúrelé Bùkọ́lá àtijọ́ ni mo fi ń kọ èyí. Ojú ewé mọ́kàndínlógún ló kù nínú rẹ̀ láìkọ, ẹ sì mọ̀ mí, mi ò lè jẹ́ kó ṣòfò. Ọ̀dọ̀ yín ni mo ti kọ́ ọ. Ṣé ẹ rántí àbẹ́là àdúrà tí ẹ máa ń fi ọ̀bẹ gé sí mẹ́ta, kó lè tó ìdájí mẹ́ta? Títí di òní, tí mo bá rí odidi àbẹ́là, ọwọ́ mi á máa wá ọ̀bẹ.

Ara wa le. Mo ṣì ń ta pákó ní sọ́míìlì Àtìkòrí. Àbẹ̀kẹ́ àbúrò mi ti bí ìkẹta, obìnrin ni. Ọ̀rọ̀ Bùkọ́lá, àkọ́bí mi tí ẹ fi ọwọ́ ara yín wẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, ló gbé mi dé ìdí ìwé yìí. Ó ti di ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Lẹ́nu ọ̀sẹ̀ mélòó kan yìí, díẹ̀ ló kù kí n pàdánù rẹ̀, bó tilẹ̀ wà láàyè. Ó lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ní Ìbíadé, nígbà tí ilé ìwé sì wọlé, ó kọ̀, kò padà sílé mi.

Kí n tó sọ ohun tó lé e lọ, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tiwa.

Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, èmi àti Àbẹ̀kẹ́ á ti wà lórí ẹní, ẹ̀yin náà á ti wọ sùtánà funfun yín. Ẹ ó yin Ọlọ́run, ẹ ó dúpẹ́, á wá kàn mí. "Olúwa, wo ọmọkùnrin yìí, olóríkunkun, ajẹunmádúpẹ́, tí ìrìn rẹ̀ jọ ti bàbá rẹ̀, tí ojú rẹ̀ jọ ti bàbá rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ó fẹ́ pa mí bí bàbá rẹ̀ ṣe fẹ́ pa mí, Olúwa, gbà mí lọ́wọ́ rẹ̀." Èmi náà á ní, "Àmín." Tí ohùn mi bá lọ sílẹ̀, ẹ ó ní, "Mi ò gbọ́!" Mo sì máa ń pariwo rẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ á fọwọ́ bo ẹnu, á máa rẹ́rìn-ín. Tí a bá ń lọ pọnmi, á ní, "Kókó Àdúrà, ẹ nílẹ̀ o! Kí lẹ tún ṣe fún Ọlọ́run lónìí?"

Ẹ ò nà mí rí. Gbogbo Jàpárá ló mọ̀ pé ẹ kì í na ọmọ. Ẹ sanwó ilé ìwé mi títí agbára yín fi pin. Tí ẹ bá se ìkọ́kọrẹ́, ìdí ìkòkò, tèmi ni. Tí ibà bá mú mi, ẹ ò ní fojú kan oorun. Nítorí náà, mi ò rí ojú kan tí mo lè fi ìka sí kí n ní ibí ló ń dùn mí. Ta ni mo fẹ́ lọ bá pé ìyá mi ń gbàdúrà fún mi? Láti ọmọ ọdún méje títí mo fi pé mọ́kàndínlógún, tí mo lọ kọ́ṣẹ́, ọdún méjìlá ni. Mo ṣírò rẹ̀ lẹ́nu àìpẹ́ yìí: ọjọ́ 4,380. Mo yọ igba kúrò fún ọjọ́ tí ẹ lọ sí ìsọjí àti ọjọ́ tí ara yín kò yá. Ó ku 4,180. Iye ìgbà yẹn ni mo fi ẹnu ara mi jẹ́rìí sí i pé èmi ni wàhálà yín.

Ṣé ẹ mọ̀ pé mò ń gbọ́? Àbí Ọlọ́run nìkan lẹ rò pé ẹ ń bá sọ̀rọ̀? Bàbá mi lọ gé gẹdú lápá Oǹdó, kò sì padà wá, ẹ ò sì rí ẹni tí ẹ ó fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Ojú rẹ̀ tó kù nínú ilé, èmi ni mo ń gbé e káàkiri. Mo mọ ìyẹn báyìí. Ọmọ ọdún méje kò lè mọ̀ ọ́n.

Ohun tó dùn mí jù ni pé èmi náà ṣe é. Kò sí ẹni tó kọ́ mi. Mo kàn kúnlẹ̀ nínú ilé tèmi ni, ohùn yín sì ń jáde lẹ́nu mi. Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ fura. "Bàbá Bùkọ́lá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé Ọlọ́run lẹ ń bá sọ̀rọ̀ ni àbí Bùkọ́lá?" Mo ní, "Ìwọ ṣáà ṣe àmín tìẹ."

Ní ìparí sáà tó kọjá, Bùkọ́lá gba 38 nínú ìṣirò. Ọmọ èmi, tí mo lè fi ojú wo gẹdú nílẹ̀ kí n sọ iye pákó tó máa jáde nínú rẹ̀! Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, lójú ìyá rẹ̀ àti Káyọ̀dé àbúrò rẹ̀, mo ní, "Olúwa, ìwọ lo mọ ohun tí mo ṣe tí o fi fún mi ní ọmọ tó ń jẹun bí àgbà, tó ń ronú bí ọmọ ọwọ́. Má jẹ̀ẹ́ kó fi làálàá mi ṣòfò." Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Káyọ̀dé. Mo dúró de Bùkọ́lá. Kò dáhùn.

Mo ní, "Mi ò gbọ́!"

Ọmọ náà gbé orí sókè. Kò sunkún. Ó ní, "Dádì, mi ò lè ṣe àmín sí i."

Mi ò lù ú. Èmi náà kì í na ọmọ. Mi ò kàn bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlá ni. Ní ọjọ́ kejìlá, ó di ẹrù rẹ̀, ó lọ sí Ìbíadé.

Àfojúdi ni mo pè é. Ilé ìwé wọlé, ọ̀sẹ̀ kan kọjá, kò dé. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, tó ń yan ẹja tà níbẹ̀, wá pè mí lórí fóònù. Obìnrin náà kì í fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sábẹ́ ahọ́n. "Ọkọ àbúrò mi, ọmọ yín kò ṣàìsàn o. Ó ń jẹ ẹja mi bí ẹni pé òun ló pa á. Àmọ́ tí a bá ti ní ká kúnlẹ̀ gbàdúrà láàárọ̀, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n. Kí lẹ ń fi àdúrà ṣe fún ọmọ nílé yín?"

Mo wo ọwọ́ tèmi tó di fóònù mú. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni mí. Títí di ọjọ́ yẹn, tí wọ́n bá ní ká kúnlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, àtẹ́lẹwọ́ mi á tutù, á sì máa làágùn. Mo ti rò pé ìbẹ̀rù Ọlọ́run ni.

Mo wọkọ̀ lọ sí Ìbíadé. Mo kọ́kọ́ ronú pé kí n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ náà lórí fóònù, kí n má baà pàdánù owó ọkọ̀ àti ọjà ọjọ́ kan. Ojú ń tì mí pé mo rò ó. Mo bá a níbi tó ti ń to ẹja sórí wáyà ìyanja. Ó kúnlẹ̀ kí mi, kò wo ojú mi. Mo jókòó sórí àpótí.

Mo ní, "Bùkọ́lá, ohun tí mò ń ṣe láràárọ̀ yẹn, kì í ṣe àdúrà. Èébú ni. Mò ń fi Ọlọ́run bú ẹ. Má bínú sí mi."

Mi ò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ rí, ẹ̀yin náà ò sì sọ ọ́ fún mi rí. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ń koná bí ẹni tí kò gbọ́. Bùkọ́lá to ẹja mẹ́rin sí i kó tó dáhùn.

"Ṣé ẹ máa sọ fún Káyọ̀dé náà? Ó máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Mo máa sọ."

"Lójú mi?"

"Lójú ẹ."

"Màá wálé. Ṣùgbọ́n mi ò ní kúnlẹ̀ síbẹ̀ mọ́."

Mo gbà.

Màámi, ohun kan wà tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ lò kẹ́yìn ní ọsibítù, ẹ di ọwọ́ mi mú, ẹ ní kí n gbàdúrà fún yín. Ọ̀rọ̀ rere ni mo fẹ́ sọ. Ohun tó jáde ni, "Olúwa, dárí jì í. Ọkàn rẹ̀ le, ẹnu rẹ̀ mú, ó sì ni àwọn ọmọ rẹ̀ lára." Mò ń fẹjọ́ yín sùn lójú yín, nígbà tí ẹ ò lè dìde. Ohùn yín ti tín-ín-rín, síbẹ̀ ẹ ṣe Àmín. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni pé ẹ̀rù ń bà yín pé mi ò gbọ́ ti àkọ́kọ́.

Ta ló kọ́ yín ní irú àdúrà yẹn? Ta ló máa ń sọ fún ẹ̀yin náà pé òun ò gbọ́? Mi ò bi yín rí. Ọdún mẹ́rìnlélógójì la jọ lò láyé, mi ò wá àyè kí n bi yín. Ká ní mo lè padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré, ìbéèrè yẹn ni mo máa bi yín, màá sì dákẹ́.

Bùkọ́lá wálé ní Sátidé. Mo pe Káyọ̀dé, mo sọ ọ́ lójú gbogbo wọn pé èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, pé kò sí ohun ẹ̀rín níbẹ̀. Káyọ̀dé wolẹ̀. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó sì ti kọ́ díẹ̀ nínú ìwà yẹn lára mi.

Láàárọ̀ òní, àwa mẹ́ta kúnlẹ̀. Bùkọ́lá dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀, kò wọlé, kò jáde. Mo yin Ọlọ́run, mo dúpẹ́. Nígbà tó kan orúkọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi. Gbogbo gbólóhùn tí mo mọ̀ tí wọ́n máa ń fi orúkọ ọmọ bẹ̀rẹ̀, ẹjọ́ ló ń já sí. Bùkọ́lá wá sọ láti ibi tó dúró sí, "Dádì, ẹ ṣáà ní kí Ọlọ́run tọ́jú mi."

Mo ní, "Kí Ọlọ́run tọ́jú Bùkọ́lá."

Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré. Mo dìde níbẹ̀, mi ò dúró de àmín ẹnikẹ́ni.

Kí Ọlọ́run tọ́jú yín, Màámi. Mi ò ní fi ohunkóhun kún un.

Èmi ni,
Ọmọkùnrin yín kan ṣoṣo, tó ń ṣàárò yín.