Ìka Mẹ́ta Létí Gáùn Àmínátù

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú ìfojúsọ́nà. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Ìkàtẹ́ l'Ékòó níbí, lórí àgékù aṣọ tó kún ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi. Mo kí Ìyá Àgbà. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Gàníyù, tó ń ka ìwé yìí fún yín. Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra kà á. Bí Màámi bá fẹ́ dìde lójijì, ẹ ní kí wọ́n jókòó, ẹ sọ fún wọn pé Àmínátù ọmọ mi wà láàyè. Mo ti yára sọ ìyẹn kí àyà wọn má baà já.

Ara wa le dé ìwọ̀n. Òjò ti ń kógbá sílé, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Ìkàtẹ́ kì í tètè gbẹ, atẹ́gùn òkun sì ń fẹ́ iyọ̀ sí gbogbo nǹkan. Abẹ́rẹ́ tí mo bá gbàgbé síta lọ́jọ́ Ajé, yóò ti dípẹtà kó tó di Jímọ̀. Bàbá Àmínátù ṣì ń wa kẹ̀kẹ́ Márúwá rẹ̀. Iṣẹ́ tèmi náà ń wọlé. Àwọn tó ń gbé inú ẹ́sítéètì ló ń kó aṣọ wá jù, wọ́n á ní kí n bá wọn dín in kù tàbí kí n pààrọ̀ síìpù. Obìnrin kan láti ẹ́sítéètì VGC kó gáùn ọmọ rẹ̀ mẹ́fà wá lọ́jọ́ kan, mo ṣe bí ọmọ náà ti dàgbà jù wọ́n lọ ni, àṣé kò tíì wọ ọ̀kan rí nínú wọn. Mo rẹ́rìn-ín títí. Aṣọ ilé tí àwọn ọmọ tèmi ń wọ̀ kò ju mẹ́ta-mẹ́ta lọ, èmi ni mo sì rán gbogbo rẹ̀. Ọ̀sán Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, ni mo máa ń rán tiwọn, torí oníbàárà kì í pọ̀ nígbà náà.

Màámi, irọ́ ni mo pa fún yín nígbà Iléyá. Mo ní lẹ́sìnnì ni kò jẹ́ kí àwọn ọmọ wá. Kò sí lẹ́sìnnì kankan. Ọsibítù ni Àmínátù wà. Láti ìgbà yẹn, bí ẹ bá pè tí ẹ ní kí n gbé fóònù fún Àmínátù, Àṣàbí yín, màá ní ó ti sùn, tàbí ó lọ sílé kéwú. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo mọ̀ pé ẹ ó gbọ́ ọ lóhùn ọmọ náà, ẹ ó sì bi mí ní ìbéèrè tí mi ò lè dáhùn láìsunkún. Ní báyìí, ẹ ní dandan ni kí wọ́n wá lo ọlidé ìparí ọdún lọ́dọ̀ yín. N kò lè fi í ránṣẹ́ sí yín láìjẹ́ pé ẹ mọ ohun tó ń ṣe é. Mo sì ti ní kí àwọn oníwèé ìròyìn tẹ ìwé yìí jáde bí ẹ bá ti gbọ́ ọ tán, torí mi ò rò pé èmi nìkan ni ìyá tó lè ṣe irú àṣìṣe tí mo ṣe.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi níṣẹ́. Ẹ máa ń sọ fún wa ní ṣọ́ọ̀bù yín n'Íwòó pé aṣọ òde lè bá ọmọ mu wẹ́kú, torí ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni yóò máa wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n aṣọ ilé gbọ́dọ̀ ní àyè, torí inú rẹ̀ lọmọ ti ń dàgbà. Ẹ ó fi ìka mẹ́ta wọn etí rẹ̀, ẹ ó ṣẹ́ ẹ sínú. Bí ọmọ bá ga, ẹ ó tú ìka kan. Èmi náà ò jẹ́ rán aṣọ ọmọ kí n má ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ààwẹ̀ tó wọlé ni mo fi pọ́pílìnì búlúù kan rán gáùn fún Àmínátù, mo fi èyí tó kù rán ṣẹ́ẹ̀tì fún Sùràjù àbúrò rẹ̀. Mo wọn àyà Àmínátù, ó jẹ́ ínṣì márùn-dín-lọ́gbọ̀n. Mo kọ ọ́ sínú ìwé.

A ò tíì túnu ààwẹ̀ tán tí gáùn náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í fò lára rẹ̀. Mo ní mo ti gé e tóbi jù. Mo rán ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé díẹ̀ pẹ̀lú òwú búlúù. Nígbà tó yá, ó tún tóbi. Òwú búlúù ti tán, mo fi funfun rán an wọlé. Lẹ́ẹ̀kẹta, dúdú ló wà lórí maṣíìnì, mo fi dúdú rán an. Ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín oṣù méjì, Màámi, mi ò sì bi ara mi léèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Télọ̀ ni mí. Aṣọ tó bá tóbi, mo máa ń rán an wọlé ni. Ọwọ́ mi ti ṣe é tán kí orí mi tó rò ó.

Ó tún ń mu omi bí ẹni tó ti oko dé. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sórí ẹní, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Mo bá a wí. Mo ní kó má fẹnu kan omi mọ́ bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Lọ́jọ́ kan, mo ní kó fúnra rẹ̀ gbé ẹní náà jáde lọ sá sóòrùn, níbi tí gbogbo ọmọ àdúgbò ti ń rí i. Ó gbé e lórí, ó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Nínú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀, èyí ló ń dùn mí jù, mi ò sì mọ bí mo ṣe fẹ́ bẹ̀ ẹ́.

Ká ní ilé la wà ni, ẹnì kan ì bá ti rí i. Ìyá Àgbà ì bá ti gbé e sórí ẹsẹ̀, wọ́n ì bá sì ní ọmọ yìí ti fúyẹ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Níbí, èmi ni ìyá, èmi ni àgbà, mo sì doríkodò sórí maṣíìnì láti àárọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo tó sọ̀rọ̀ ni Ìyá Tóbi, onídìrí tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kangun sí tèmi. Ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni, ọ̀rọ̀ ìṣọ́ òru kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó ní òun ń dirun fún Àmínátù, òun rí eegun èjìká rẹ̀, ó ní àbí mi ò ń wo ọmọ yìí dáadáa ni. Mo rò pé ó fẹ́ fà wá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ni. Mo dá a lóhùn wọ́ọ́rọ́wọ́ pé gígùn ló ń gùn, pé ìdílé wa kì í sanra. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé irọ́ ni mo fi ìdílé wa pa.

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta Iléyá ni mo mú téèpù láti wọn àwọn méjèèjì fún aṣọ ilé tuntun. Sùràjù tí kò ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ ti fi ínṣì kan kún ti tẹ́lẹ̀, ó ti di mẹ́tàlélógún. Inú mi dùn. Mo wọn Àmínátù. Mẹ́tàlélógún. Mo tún un wọ̀n. Mẹ́tàlélógún náà ni. Mo ṣí ìwé, mo rí márùn-dín-lọ́gbọ̀n tí mo fọwọ́ ara mi kọ síbẹ̀.

Ẹ mọ ohun tí mo ṣe? Mo dá téèpù lẹ́bi. Mo ní téèpù tí mo ti ń lò láti Ìwó ti gbó, ó ti fà, téèpù tó bá sì ti fà kì í pe iye mọ́. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bẹ́ẹ̀, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n téèpù yẹn kan náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi pé Sùràjù ti tóbi sí i. Mo mọ̀ ọ́n, Màámi. Ẹ̀rù ti bà mí dé ibi tí mi ò fẹ́ mọ̀ ọ́n. Mo fi àwọn ọmọ sọ́dọ̀ Ìyá Tóbi, mo wọkọ̀ lọ sọ́jà Ajah, mo lọ ra téèpù tuntun.

Mo ṣì wà nínú ọjà náà tí Ìyá Tóbi fi pè mí. Ó ní Àmínátù ń bì, ó sì ń mí bí ẹni tó sáré. Mi ò mọ bí mo ṣe dé Ìkàtẹ́. Mo bá a lórí ẹní nínú ṣọ́ọ̀bù onídìrí, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ ṣùgbọ́n kò wò mí. Ẹnu rẹ̀ ń rùn bí ọ̀pẹ̀yìnbó tó ti pọ́n kọjá. Mo ní kí Ìyá Tóbi gbàdúrà, èmi tí mo ti ń sá fún àdúrà rẹ̀. Ó ní òun ti ń gbà á láti àárọ̀, ó ní kí n gbé ọmọ jàre, ọsibítù la kọ́kọ́ ń lọ, òun á máa gbà á lọ lójú ọ̀nà. Ó ti pe Bàbá Àmínátù, kẹ̀kẹ́ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. A dé ọsibítù ìjọba pẹ̀lú téèpù tuntun lọ́wọ́ mi, mi ò tíì tú u nínú ọ̀rá.

Nọ́ọ̀sì gún un níka, ó fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sínú ẹ̀rọ kékeré kan, ó sì sáré pe dókítà. Wọ́n fa omi sí i lára. Dókítà ní àtọ̀gbẹ ni. Mo ní rárá, àìsàn àgbàlagbà nìyẹn, òun ló ṣe bàbá mi àgbà. Ó ní ó ń ṣe ọmọdé náà, àti pé kì í ṣe ṣúgà tí a fún un jẹ ló fà á, kì í sì í ṣe ọwọ́ ayé. Ó ní ohun tó yẹ kí ara máa ṣe láti lo oúnjẹ, ara Àmínátù kò ṣe é mọ́, abẹ́rẹ́ ni yóò máa rọ́pò rẹ̀ lójoojúmọ́. Mo béèrè pé títí dìgbà wo. Ó ní títí ayé rẹ̀ ni.

Nọ́ọ̀sì bi mí láti ìgbà wo ló ti ń rù. Mo ní mi ò mọ̀. Gáùn búlúù yẹn ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tí wọ́n bọ́ lára ọmọ. Ó yí i sódì, ó rí ìlà òwú mẹ́ta ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, búlúù, funfun, dúdú, ọ̀kan ń wọlé ju èkejì lọ. Ó wò ó, ó wò mí. Mo bú sẹ́kún.

Ọjọ́ mẹ́fà la lò níbẹ̀. Láti ìgbà náà, èmi tí mo ti ń di abẹ́rẹ́ mú láti kékeré, ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo bá fẹ́ gún ọmọ mi. Àmínátù ló máa ń ní kí n fara balẹ̀. Bí ṣúgà ara rẹ̀ bá ga, ẹ̀rù ń bà mí. Bó bá lọ sílẹ̀, ẹ̀rù ń bà mí jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ó lè dákú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe rán àpò sí gbogbo aṣọ ilé rẹ̀ lápá ọ̀tún, ṣúgà oníhóró mẹ́rin ló ń wà nínú rẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá ti ń gbọ̀n, kó yára jẹ ẹ́. Sùràjù rí àpò náà, ó kó ṣúgà inú rẹ̀ jẹ, ó sì ní òun náà ń gbọ̀n. Mo rán àpò sí tirẹ̀ náà, mo kó ẹ̀pà sí i, kí àlàáfíà lè wà. Ṣùgbọ́n bí Àmínátù bá wà níléèwé tí fóònù mi dún, ńṣe ni ẹsẹ̀ mi ń kúrò lórí maṣíìnì.

Màámi, ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Ẹ̀rù yín ń bà mí. Ìfẹ́ yín gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Mo mọ̀ pé bí ẹ bá rí i tí mò ń gún un, ẹ ó ní ó tó gẹ́ẹ́, ẹ ó sì gbé ìkòkò àgbo kaná. Àgbo yín ló tọ́ mi dàgbà, mi ò lè bú u láé. Ṣùgbọ́n dókítà ní bí a bá dá abẹ́rẹ́ yìí dúró, kò ní ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí ọmọ á tún fi padà sórí ẹní yẹn, ó sì lè má dìde níbẹ̀. Mo bẹ̀ yín pẹ̀lú omi lójú. Ẹ má fi ohunkóhun rọ́pò rẹ̀, kódà bí mo bá sùn, kódà bí ọmọ bá sunkún.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi ṣe nìyí. Oògùn náà kò fẹ́ ooru, iná yín n'Íwòó kò sì ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Nọ́ọ̀sì kọ́ wa pé kí a ki ìkòkò amọ̀ kékeré bọ inú ńlá, kí a da yanrìn tútù sáàárín wọn, kí a fi oògùn sínú èyí tó wà láàárín. Ẹ bá mi ra ìkòkò méjì, tuntun ni o, èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì se àgbo nínú rẹ̀. Ẹ gbé e sí yàrá yín, kó jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ń bu omi sí i. Bí ẹ bá gbà, a ó wá, èmi náà á bá wọn wá, màá sì kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń gún un. Bí ẹ kò bá gbà, ẹ jẹ́ kí Bọ̀dá sọ fún mi. Màá sunkún, ṣùgbọ́n a ò ní wá.

Ìṣẹ́jú díẹ̀ kí n tó mú kálámù, Àmínátù wọlé láti iléèwé, ó bọ́ yúnífọ́ọ̀mù, ó wọ gáùn búlúù yẹn. Mo ti tú ìlà òwú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti oṣù tó kọjá. Ó dúró níwájú mi, ó fajú ro, ó ní gáùn yìí ti kúrú, orúnkún òun ti yọ síta, àwọn ọ̀rẹ́ òun á máa fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Mo wo orúnkún náà. Mo mú bíléèdì, mo kúnlẹ̀, mo tú ìka kan létí rẹ̀. Aṣọ tó ti wà nínú ìṣẹ́tí láti ọjọ́ yìí kò tíì rí oòrùn, búlúù rẹ̀ ṣì ń dán gbinrin, ìyókù sì ti ṣá. Ọmọ náà ní ó burẹ́wà. Mo ní kó máa wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo dorí kodò kó má baà rí ojú mi.

Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, kékeré àti àgbà, àti àwọn ọmọ iṣẹ́ yín ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀mí yín á gùn, ọwọ́ yín ò ní gbọ̀n, ojú yín á máa rí ihò abẹ́rẹ́. Ẹ bá wa ṣe àdúà fún Àmínátù, Àṣàbí yín. Mo tú ìka kan lónìí, Màámi, ó ku méjì. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí n tú méjèèjì.

Èmi ni ọmọ yín,
Sàfúrátù, Ìyá Àmínátù