Ọ̀dọ̀ Ọkọ Mi Ni N Ó Ti Já Ọmọ Yìí Lẹ́nu Ọmú

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Okun o, gbogbo ẹ̀yin tí mo fi sílẹ̀ ní Ògìdì. Láti Jọ́ọ̀sì níbí ni mo ti kúnlẹ̀ kí yín. Mo kí Bàbá, mo kí ẹ̀gbọ́n mi Rúùtù àti ọkọ rẹ̀, mo kí àwọn ìyá ìjọ. Kí Jósẹ́fù àbúrò mi, tíṣà tó ń ka lẹ́tà yìí fún yín, kà á sókè, kí ó má fo ibì kankan. Mo gbọ́ pé iwájú àwọn ìyá ìjọ lẹ ti sọ ọ̀rọ̀ mi. Iwájú wọn náà ni mo fẹ́ kí èsì mi dé.

Awakọ̀ tó ń kó iṣu wá síbí ti jíṣẹ́ yín. Ó ní ẹ ní kí n gbé ọmọ tuntun wá sílé, kí n má padà sọ́dọ̀ ọkọ mi títí ọmọ yóò fi rìn, tí yóò sì já lẹ́nu ọmú. Ó ní ẹ ní abiyamọ tó bá ń bá ọkọ sun yàrá kan, ẹ̀mí ọmọ ló fi ń ṣeré. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú yín sọ ọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni n kò ti lè jókòó sójú kan. Ilẹ̀ tí mo ti gbá ni mo tún ń gbá. Mo di ẹrù, mo tú u, mo tún dì í.

Òtútù ibí ń wọ eegun, ọyẹ́ ti la ètè gbogbo wa. Dáníẹ́lì ṣì ń ṣe káfíńtà níbi tí wọ́n ti ń wa kùsà, a sì ń rí jẹ, Ọlọ́run ṣeun. Èrò kún inú ọgbà wa, ṣùgbọ́n tí n bá gbọ́ tí ẹnì kan sọ èdè Ìjùmú lẹ́yìn ìsìn, omi a lé ròrò sí mi lójú.

Ìyá mi, mo gbọ́ràn sí yín nígbà àkọ́bí. Ẹ́sítà ti ń sọ̀rọ̀ dáadáa kí n tó gbé e padà wá. Dáníẹ́lì wá pàdé wa ní ibùdókọ̀. Ó na ọwọ́ sí ọmọ, ọmọ sá sábẹ́ ìró mi, ó bi mí pé ìgbà wo ni àlejò yìí máa lọ sílé rẹ̀. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Dáníẹ́lì náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò lè jẹun délẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nínú yàrá kan ṣoṣo, a wá ń kí ara wa bí ayálégbé. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá kan tèmi, ojú a ti àwa méjèèjì. Mo ń sọ lọ́kàn mi pé obìnrin mìíràn wà níbì kan. N kò rí nǹkan kan, ṣùgbọ́n mo ń wá a.

Nígbà tó yá, mo ṣàkíyèsí pé kì í gba ojú ọ̀nà lọ síbi iṣẹ́. Ẹ̀yìn òkè ló ń gbà yípo, nínú òjò pàápàá, tí bàtà rẹ̀ á kún fún ẹrẹ̀. Mo bi í léèrè. Ó kọ́kọ́ ní atẹ́gùn ibẹ̀ ló dára. Mo tún bi í. Ó wá jókòó, ó ní obìnrin kan ń ta máásà, àkàrà ìrẹsì wọn níbí, lẹ́nu ọ̀nà ibi iṣẹ́ àwọn. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ yín, obìnrin náà nìkan ló ń bi í bóyá ó sùn dáadáa. Ó ní ó di pé kí òun tó jáde nílé ni òun á ti máa retí ojú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan obìnrin náà ní kó wá jẹun nílé òun, ó sì kù díẹ̀ kó lọ. Láti ọjọ́ náà ló ti yí ọ̀nà padà. Ó ní nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n òun kò fọkàn tán ẹsẹ̀ ara òun.

Mo bínú, mo sunkún. Mo wé gèlè, mo lọ wo obìnrin náà. Opó ni. Ó bu máásà fún mi, ó bi mí pé ìyàwó ta ni mí. Mo ní ìyàwó káfíńtà ni mí. Ó ní ọkọ mi mọ ọ̀nà ilé ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kí n má tún fi í sílẹ̀ pẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìyá mi, n kò fẹ́ràn ẹni tó sọ ọ́, ṣùgbọ́n òótọ́ ni.

Lẹ́yìn ìyẹn la bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ara wa padà, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń kọ́ èdè. Inú rẹ̀ ni ọmọ yìí ti wá.

Nígbà tí mo sọ iṣẹ́ yín fún Dáníẹ́lì, ó ní bí mo bá fẹ́ lọ, òun á ru ẹrù mi dé ibùdókọ̀. Ó ní bí ìyàwó kan bá ń tọ́mọ nílé bàbá òun, òmíràn wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi nìkan lòun fẹ́ níwájú pẹpẹ. Ó ní òun lè dúró dè mí títí ara ọmọ yóò fi le, bí mo bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Dídá nìkan dúró ni òun kò tún fẹ́ mọ́. Mo tú ẹrù náà. N kò dì í mọ́. Bí a ó ti ṣe é nínú yàrá wa, àwa méjèèjì la ó jọ fẹnu kò sí i pẹ̀lú àdúrà. Ẹ dákun, ẹ má bi mí.

Àmọ́ ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí ìgbẹ́ gbuuru ṣe ọmọ, gbogbo ohun tí ẹ sọ ló padà sí mi létí. Ara rẹ̀ ti yá, síbẹ̀ bó bá wúkọ́, ohùn yín ni mo ń gbọ́. Ìyá mi, ẹ wá. Ẹ wá fọwọ́ ara yín wẹ̀ ẹ́, kí ẹ wo ara rẹ̀ bó ti rí. Bí inú bá sì ń bí yín, ẹ gbé ìbínú náà wá. Ẹ má gbé e jókòó sílé.

Kí Olúwa dá yín sí fún wa, kí ó má jẹ́ kí ilé gbóná. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà agbo ilé wa. Ẹ́sítà ní kí n kí ìyá àgbà òun.

Èmi ni ọmọ yín tó ń wo ojú ọ̀nà,
Dọ́káàsì