"Native" tí wọ́n pe bàbá Màmá Àgbà

Ọjọ́ Ẹtì, Ìkòròdú.

Ó rẹ̀ mí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "native", ni mo ń bá jìjàkadì láti àárọ̀. "Native clerk" ni òyìnbó pe bàbá Màmá Àgbà, tó jẹ́ akọ̀wé l'Ẹ́pẹ̀ẹ́ nígbà yẹn, nínú ìwé ìròyìn àtijọ́. Nínú ìwé yẹn, ẹni tí wọ́n bá fojú tín-ín-rín nìkan ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.

Màmá ní kí n túmọ̀ rẹ̀.

"Wọ́n pe Bàbá ní akọ̀wé ọmọ ìbílẹ̀, Mà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Òyìnbó yẹn mọyì bàbá mi. Ọmọ Lọ́ńdọ̀nù, Yorùbá ẹ ti ń dáa o. Kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò wọn."

Mo kọ ọ́. Mi ò lè sọ ìyókù fún wọn... Ọ̀rọ̀ náà tọ̀nà. Ẹ̀gàn inú ẹ̀ ni mi ò túmọ̀.