Orúnkún Òsì Àwọn Ehoro

Ìjẹ̀bú-Òde, Ọjọ́bọ̀, Ọ̀wàrà 1986

Mo gbé! Oṣù mẹ́ta gbáko. Ehoro méjìlá ni mo gé iṣan orúnkún ọ̀tún wọn, kí n lè mọ bí egungun rírọ̀ ibẹ̀ yóò ṣe bàjẹ́ tó. Mi ò fọwọ́ kan òsì, torí òun ni n óò fi wé ọ̀tún.

Bàbá Sùbérù tó ń bá wa tọ́jú ẹran pa wọ́n, wọ́n sì kó orúnkún ọ̀tún nìkan sínú ìgò fún mi. Wọ́n ti se òsì jẹ.

“Dókítà, ẹ̀yin lẹ ní èyí tó bàjẹ́ lẹ fẹ́ yẹ̀ wò.”

Kí ni n óò bá àgbàlagbà fà?

Mọ́mì ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi nílé, wọ́n ń di ògiri mú. Báwo ni wọ́n ṣe ń rìn kí orúnkún wọn tó bàjẹ́? Mi ò rántí.