Àtẹ̀gùn Mẹ́tàdínlógún

Ọjọ́ Ajé, 7 oṣù Kẹrin 2025
Babájídé wá bá mi nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ lónìí. Àbúrò mi ni, ṣùgbọ́n Kọ́kọ́rọ́ ni mo ń pè é nínú ìwé yìí, torí kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù òkè kì í kúrò lápò rẹ̀. Èmi sì ni bàbá wa fún ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, ní Challenge níbí. Ọdún méjì rèé tí mo ṣubú lórí àtẹ̀gùn rẹ̀, tí mo lajú ní ọsibítù ní Jericho. Látìgbà náà, ìsàlẹ̀ ni mo ti ń rán ìjókòó ọkọ̀, nínú eruku.

Ó ní òun ti rí ẹni tí yóò gba ṣọ́ọ̀bù náà. Ó ní ṣebí òòyì ló kọ́ mi lọ́jọ́ yẹn, kí àǹtí òun fi òkè sílẹ̀ fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì le. Ọdún méjì ni mo ti gba òòyì yẹn gbọ́.

Ọjọ́rú, 9
Mo sọ fún Kọ́kọ́rọ́ pé mi ò ní í fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 17
Inú bọ́ọ̀sì. Ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ wa ń lọ ṣe Ọdún Àjíǹde ní Gánà. Kọ́kọ́rọ́ pè mí — kí n má gun ibi gíga kankan o. A ó rí i.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 19
Wọ́n gbé wa lọ sórí òkè kan táwọn èèyàn ti ń fò. Aṣọ ńlá bí agbòjò ló ń gbé wọn. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á so ẹ mọ́ àyà rẹ̀, ẹ ó jọ sáré dé etí òkè, ilẹ̀ á tán. Mọ́tò ló gbé mi gòkè, síbẹ̀ ẹ̀rù bà mí. Mo ní mo fẹ́ fò. Ìyá Fikáyọ̀, ọ̀rẹ́ mi, figbe ta: Jésù!

Wọ́n gbé bẹ́líìtì tí wọ́n fi ń so èèyàn wá. Mo fi èékánná tọ ojú rírán rẹ̀ lọ, bí mo ṣe ń ṣe fún gbogbo ìjókòó kí n tó gbé e fún oníbàárà. Léjìká òsì, òwú ti já níbi mẹ́ta. Mo ní mi ò wọ ìyẹn. Ọ̀gá wọn ní àwọn ti ń lò ó látàárọ̀. Àwọn ará ìjọ bú sẹ́rìn-ín — ẹ̀rù ti bà á! Mo ní ẹ̀rù ń bà mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n òwú ti já, ẹ gbé òmíràn wá. Wọ́n gbé e wá. Mo yẹ ìyẹn náà wò látòkè délẹ̀. Wọ́n ń kùn. Kí wọ́n máa kùn.

Mo sáré. Ilẹ̀ tán.

Mo pariwo, mo sunkún, mo bú Kọ́kọ́rọ́ lójú òfuurufú. Ọkùnrin ẹ̀yìn mi kò gbọ́ Yorùbá, ó kàn ń dáhùn yẹ́ẹ̀s, mádáàmù.

Ọjọ́ Àìkú, 20
Gbogbo ara ń ro mí. Inú mi dùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22
Ilé. Ohun kan ń jẹ mí lọ́kàn. Ẹ̀rù bà mí lórí òkè yẹn. Òòyì ò kọ́ mi rárá. Ṣé òòyì ló gbé mi ṣubú lóòótọ́?

Ọjọ́bọ̀, 24
Kọ́kọ́rọ́ ti wà lókè, ó ń fi ṣọ́ọ̀bù han àlejò rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gun àtẹ̀gùn, mò ń fọwọ́ tọ irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ bí ojú rírán. Mo dé àtẹ̀gùn kẹsàn-án, ibi tí mo ti ṣubú. Mo fa irin. Ó tẹ̀lé mi lọ́wọ́. Ìṣó rẹ̀ ò sí mọ́. Wáyà ni ẹnì kan fi so ó mọ́ ògiri, ó sì kun ọ̀dà aláwọ̀ ewé lé e. Ọ̀dà yẹn náà ló wà lára géètì Kọ́kọ́rọ́ ní Baṣọ̀run.

Mo bi í látibẹ̀ pé ìgbà wo ló so ó. Ó ní ọjọ́ kejì ìṣubú mi ni. Ó ti mọ̀ látìgbà náà pé irin ló já, ó sì ń sọ fún mi pé òòyì ni.

Mo fara ti ògiri, mo gun mẹ́jọ tó kù. Ẹ̀rù ń bà mí, mo sì ń lọ. Mo tẹ́wọ́ níwájú àlejò rẹ̀. Àbúrò mi yọ kọ́kọ́rọ́ lápò, ó fi lé mi lọ́wọ́.

Láti òní lọ, Babájídé ni n ó máa pè é níbí. Kọ́kọ́rọ́ ò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.