Àlàfo Mẹ́ta Nínú Dáyárì Bàbá

Igbó-Ọrà,
10/8/1991.

Bùọ̀dá mi Ògúnlẹ́yẹ,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìyàwó yín àti àwọn ọmọ ńkọ́ ní Kàdúná? Màmá ń kí yín. Ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́. A ti wa iṣu tuntun.

Láti oṣù karùn-ún tí dáyárì tí kò ní déètì tí ẹ fi ránṣẹ́ ti dé, Bàbá ń fẹsẹ̀ rìn lọ sóko láràárọ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, èmi sì ń bá wọn kọ ọ́ sínú rẹ̀. Lánàá, nọ́ọ̀sì tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò fajú ro. Ó ní àlàfo méje ló wà lójú ewé kan, mẹ́rin péré la kọ nǹkan sí, kí ló dé tí Bàbá fi ń sinmi ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀? Bẹ́ẹ̀ Bàbá ò sinmi rárá. Ọ̀sẹ̀ Ògún là ń kà, ọlọ́jọ́ mẹ́rin. Tó bá ti pé, a ó ṣí ewé mìíràn. Ẹ̀jẹ̀ wọn sì ti wálẹ̀.

Ṣé àwọn tó ṣe dáyárì náà ò mọ ọ̀sẹ̀ mìíràn ni? Ẹ bá mi wádìí.

Nọ́ọ̀sì ní ká kọ nǹkan sí àwọn àlàfo mẹ́ta tó ń ṣófo lójú ewé kọ̀ọ̀kan. Bàbá kọ̀. Wọ́n ní tiyín ni, pé tí ẹ bá wálé, ẹ ó jọ máa rìn. Mo kà wọ́n: ó ti pé ọgọ́ta.

Ògún á ṣọ́ ọkọ̀ tí ẹ ó wọ̀ bọ̀.

Àbúrò yín,
Àjíkẹ́