Ife Ti Wọ Ilé Wa

Ìyá mi, ẹ kú ojú lọ́nà wa o. Ara èmi Duri le koko. Bí ẹnikẹ́ni bá ní mo ti rù, ẹ má dá a lóhùn, ìlara ni.

Ẹ bá mi yọ̀, ife ìdíje síkì, eré yíyọ̀ lórí yìnyín, ti wọ ilé wa! Àbúrò mi Flurin ló gbà á. Èmi ìjì orí yìnyín ò bá wọn sáré. Láàárọ̀ ọjọ́ ìdíje ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ni ín pè mí: "A gbọ́ pé ò ń gbowó kọ́ àlejò ní síkì. Ẹni tó ń fi síkì jẹun ò lè bá wa díje."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo gbé pátákó síkì tí Bàbá gbẹ́ fún mi fún Flurin, mo tún fi ọ̀nà àbùjá inú igbó hàn án.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò bínú?"

Mo ní, "Sáré jàre, òpònú!"

Nígbà tí wọ́n gbé ife fún un, baba Gẹ̀ẹ́sì kan gbá a lẹ́yìn: "Ọmọ dáadáa! Ìwọ lo jẹ́ ká mọ òótọ́ nípa ẹ̀gbọ́n rẹ."

Flurin ń wo bàtà ẹ̀. Èmi ni mo pàtẹ́wọ́ jù.

Mi ò ní lè wálé nígbà òtútù yìí, iṣẹ́ pọ̀. Flurin ló ń gbé ife bọ̀ wálé; ẹ fún un ní wàràkàṣì tẹ́ ẹ fi pamọ́ dè mí. Ẹ kí Bàbá, ẹ kí màlúù wa, ẹ kí ajá. Gbogbo ẹni tó wà nílé ni kẹ́ ẹ bá mi kí, kí Flurin tó dé.

Duri yín